Àwo Àtijọ́ Nínú Ọjà Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Oòduà nílé lóko. Ọ̀rọ̀ giramafóònù la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ wáíńdì tí kò mọ iná mànàmáná, àti àwo dúdú tó wúwo tí wọ́n ń gbé lé e lórí. Ẹni tó bá ń wá ohun àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní pẹ́ pàdé rẹ̀: ní Portobello lọ́jọ́ Sátidé, ní Bermondsey ní ìdájí ọjọ́ Fúráídé, ní pápá eré ẹṣin Kempton lọ́jọ́ Túsìdé kejì àti èyí tó kẹ́yìn oṣù. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tó máa ń wọ àwọn èèyàn wa lójú jù ni kò yẹ ká rà. Àwo tó jẹ́ tiwa gan-an ló sì máa ń kọjá níwájú wa láìjẹ́ pé a wo ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni onígbàǹgbà ìwo idẹ, tó ń dán gbinrin, tí wọ́n lẹ àwòrán ajá HMV (His Master's Voice, orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ àti àwo ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan) mọ́ àpótí rẹ̀ níwájú. Gbájúẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Íńdíà ni wọ́n ti sábà ń to irú rẹ̀ pọ̀: wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀rọ alágbèéká tó ti gbó, wọ́n á kan àpótí tuntun fún un, wọ́n á rọ ìwo sí i, wọ́n á wá fi àwọ̀ igi kùn ún kó lè dà bí àgbà. Bí àpótí bá ti ní igun mẹ́jọ, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ wo ìwo náà: irin tí wọ́n kùn tàbí igi ni púpọ̀ nínú ìwo ojúlówó, idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́yìn àpótí, níbi tí irin kan ti gbé ìwo dúró. Ti ojúlówó máa ń mọ́lẹ̀ dáadáa. Ti ayédèrú máa ń rí gánkugànku, àmì fáìlì á sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí apá, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí ohùn ń gbà láti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́, àti ìwo ti pàdé kì í ṣe rẹ́gí, ohùn á máa jò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ pálọ̀ lẹ fẹ́, kò burú, ẹ san owó ọ̀ṣọ́. Ẹ má san owó ohun àtijọ́.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà, ojú rẹ̀ ò dára tó bẹ́ẹ̀. Àpótí dúdú kékeré ni, ó dà bí báàgì akọ̀wé ayé ọjọ́un, ìwo rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò rí i. HMV 101 jáde ní 1925, 102 sì rọ́pò rẹ̀ ní 1931. Columbia àti Decca náà ṣe tiwọn. Wọ́n ṣe wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, ìdí nìyẹn tí ohun èlò àtúnṣe wọn fi ṣì wà lọ́jà títí dòní. Àwọn aláwọ̀ pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé wọ́n ju dúdú lọ, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ.

Kí ẹ tó nájà, ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ wáíńdì rẹ̀. Ẹ rọra yí i. Ó yẹ kó máa le díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Ibi tó bá ti le gan-an, ẹ dúró níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń yí lọ láìdúró tí kò le rárá, sípíríńgì ti já. Bó bá le, ṣùgbọ́n tó ń dún gbìì, gbìì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, gíríìsì inú agolo sípíríńgì ló ti gbẹ, tí irin ń lẹ̀ mọ́ra tó tún ń fò kúrò lára ara wọn. Ìyẹn ṣeé tún ṣe: a ó yọ sípíríńgì, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi gíríìsì tuntun sí i. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, sípíríńgì yẹn lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yí títí tí agbára rẹ̀ fi tán pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kankan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ fi awò bo ojú. Ẹni tí kò bá ṣe é rí, kó gbé e fún oníṣẹ́. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi owó pamọ́ nìyẹn.

Ohun kan wà tí kò ní àtúnṣe. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń fi àdàlù síńkì da apá ẹ̀rọ àti ẹ̀yìn soundbox, ìyẹn orí róbótó tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Bí òjé bá ti wà nínú àdàlù yẹn, tó bá ti tó ọdún mélòó kan, irin náà á wú, á sán, á máa rún. Ẹ wo ìdí apá àti ẹ̀yìn soundbox pẹ̀lú iná fóònù. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, ẹ gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Soundbox tí ohùn rẹ̀ kàn ń ha, tó ń dún wàràwàrà, ọ̀tọ̀ nìyẹn: rọ́bà tó di etí awẹ́ inú rẹ̀ mú, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, ló ti le bí òkúta. A lè pààrọ̀ rọ́bà yẹn láìná owó púpọ̀, àyàfi kẹ́ ẹ máa rọra ṣe é, nítorí awẹ́ náà tinrin gan-an. Mica, ìyẹn òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dà bíi gíláàsì, ni awẹ́ ti 101, alumíníọ̀mù ni ti 102.

Eré rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà 78 ló yẹ kí àwo yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìrépé bébà há abẹ́ àwo kó yọ etí síta, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e kó máa kọrin, kẹ́ ẹ wá ka ìgbà tí bébà yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 30. 39 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ má ka a nígbà tí abẹ́rẹ́ kò sí lórí rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ ń fa àwo sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn kan ń lo àwo bébà onílà 77 tí wọ́n máa ń wò lábẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dáa, ṣùgbọ́n iná LED òde òní kì í ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Gílóòbù onírin àtijọ́ ni ìlà yẹn mọ̀. Bí eré náà bá ń lọ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ kán òróró máṣínì ìránṣọ ẹ̀kán kan sórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fọwọ́ kan góńgó tó ń darí eré. Ẹ̀kán kan péré.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló ń ba àwo jẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ irin kan, ojú àwo kan. Ẹ bá yí àwo padà, ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ sọ nù, ẹ fi tuntun sí i. Àwọn tó rò pé onínàákúnàá lẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó wà nínú àwo. Shellac, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ní Íńdíà ń ṣe, kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin àwo lọ; òkúta lílọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta sí i kó lè lọ ẹnu abẹ́rẹ́ títí tí yóò fi bá ipa àwo, ìyẹn ilà wẹ́wẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, mu. Tó bá fi máa kọrin tán, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ ti di pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ sì ti mú. Bí ẹ bá lò ó lẹ́ẹ̀kejì, etí mímú yẹn ló máa wọ ipa àwo tó ń gé e. Abẹ́rẹ́ 200 ló sábà ń wà nínú agolo kan, ó sì tó fún àwo 100 tẹ́ ẹ bá gbọ́ ojú méjèèjì. Wọ́n ṣì ń ṣe é tuntun. Agolo abẹ́rẹ́ àtijọ́ náà ní àwọn tó ń kó o jọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kó o jọ ju àwo lọ, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà nínú rẹ̀, ẹ má lò ó. Ẹ má sì gbé àwo vinyl, ìyẹn àwo oníke tó dé lẹ́yìn ti shellac, sórí ẹ̀rọ yìí láé. Ohun tó ju 100 gíráàmù lọ ló ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, á hú u bí oko.

Nípa Bermondsey, ọ̀rọ̀ kan kí n tó gbàgbé. Láyé àtijọ́, òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ohun tí wọ́n bá tà ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ láàárín yíyọ oòrùn sí wíwọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹni tó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ olè ló jí i wá. Wọ́n pa òfin yẹn rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1995. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì.

Wàyí o, àwo tiwa. Gramophone Company, tó ni HMV, ló ni Zonophone náà, Hayes ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù sì ni ilé iṣẹ́ wọn wà. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ohùn kọ orin ẹ̀mí sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, Tunde King kọ jùjú fún Parlophone. Ayinde Bakare bọ́ sọ́dọ̀ HMV ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí tí ẹ bá rí nínú páálí lábẹ́ tábìlì, ẹ wo nọ́ńbà lára lébẹ́ẹ̀lì. EZ lára Zonophone, JZ lára HMV, WA lára Decca: Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi í ṣọwọ́ sí. Wọ́n sábà ń tẹ orúkọ èdè sábẹ́ àkọlé orin. Ọlọ́jà kò lè kà á, ó ti dà á pọ̀ mọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì Jámánì àti ti ijó Paris. Ẹ má pariwo níwájú rẹ̀. Ẹ mú un pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn, kẹ́ ẹ ná gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àtijọ́ tí wọn ò tíì máa lo makirofóònù, olórin ń kọ sínú ìwo ńlá ni, agbára ohùn olórin nìkan ló ń gbẹ́ ipa àwo. 1925 ni iná mànàmáná bọ́ sínú iṣẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá gbé àwo HMV tàbí Zonophone síbi ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí àmì onígun mẹ́ta kékeré lẹ́yìn nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì, makirofóònù ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀. Àwọn ti 1922 kò lè ní in.

Bí ipa rẹ̀ bá dúdú tó ń dán, ó ṣì lera. Bó bá ti di eérú, abẹ́rẹ́ irin ti jẹ ẹ́ tán, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni bí ìgbà tí ẹ̀pà ń yan nínú iyanrìn. Ẹ gbá èékánná yí etí rẹ̀ ká: ibi tí èékánná bá ti kọ́ ló sán. Sísán tóóró kan kò ní kí ẹ má rà á bó bá jẹ́ tiwa, nítorí a ṣì lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gidigidi.

Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé àwo Zonophone tiwa lé giramafóònù. Orin ijó òyìnbó tó kún ilẹ̀ nílùú ni kẹ́ ẹ máa fi wáíńdì. Èyí tó ṣọ̀wọ́n, ẹ gbé e lé tọ́ńtébù oníná tó ń sáré 78, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó gbòòrò fún un. Ti Audio-Technica tí wọ́n ń pè ní VM95SP wà fún irú àwo yìí, gíráàmù 5 ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ LP, ìyẹn ti àwo vinyl, kéré jù, ìsàlẹ̀ ipa ló máa lọ jókòó sí níbi tí ìdọ̀tí wà, ariwo ló sì máa gbé wá.

Kẹ́ ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Ọtí ló ń pa shellac: sípírítì, oògùn fífọ gíláàsì, sanitizer, èyíkéyìí nínú wọn á yọ́ ojú àwo lójú ẹ̀sẹ̀. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì sọ ooru rẹ̀ di omi mímọ́ padà, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, ni kẹ́ ẹ lò; ẹ kán ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan sí lítà kan rẹ̀, kí omi tutù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́ yípo, bí ipa ṣe lọ, ẹ má jẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì rin. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ fi aṣọ tí kì í ṣù mu omi rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e dúró. Kò gbọ́dọ̀ rí oòrùn, kò sì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Bí ẹ bá wo ihò àárín tí ẹ rí irin funfun, àwo tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe nísàlẹ̀ ni. Omi lè ṣí ojú rẹ̀ kúrò, ẹ má fi omi kàn án rárá.

Òró ni àwo ń dúró, kì í sùn. Àwo 100 lè ju kìlógíráàmù 20 lọ, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè gbé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, àpò bébà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, páálí líle méjì tó fẹ̀ ju àwo lọ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ so ó pọ̀ kó má mì rárá, kẹ́ ẹ wá fi í sínú àpótí tí ohun rírọ̀ yí i ká, ó kéré tán ìwọ̀n ínṣì méjì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Inú báàgì ọwọ́ ló ń lọ, kì í ṣe àpótí abẹ́ ọkọ̀ òfúrufú.

Ẹ ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ lórí gbígba ohùn sílẹ̀ ti parí fún àwo tó jáde ṣáájú 1963. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ronú orin náà jáde, kì í ṣe ẹni tó fi ohùn kọ ọ́, ń bá a lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ransome-Kuti sì ti kú ní 1930, tirẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ọdún 100 ni tiyín fún àwo tó jáde láàárín 1923 sí 1946, nítorí náà ohun tí Parlophone tẹ̀ jáde ní 1936 ṣì wà lábẹ́ òfin níbẹ̀ di òpin 2036.