Bí Láptọ́ọ̀pù Bá Di Míksà Níbi Eré

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń ṣe sáúǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi àríyá sọ ní Kubwa, l'Abuja, nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó o.

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni pé, ṣé ènìyàn lè fi sọ́fítíwià sítúdíò, irú bíi REAPER, darí ìró ẹgbẹ́ olórin lójú agbo láìra míksà ńlá? Ó ṣeé ṣe. Ọdún 2006 ni ẹ̀dà kìíní REAPER jáde, kò sì wúwo lórí kọ̀ǹpútà rárá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe irú sọ́fítíwià yìí ní ẹni tó lè dá orin dúró, kó padà sẹ́yìn, kó tún un ṣe, lọ́kàn. Lójú agbo, bí alága ìdúró bá ti gba máìkì, ó ti gbà á nìyẹn. Kò sí pé a fẹ́ padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí ìró ń gbà. Olórin kọrin sínú máìkì, sáúǹdì káàdì sì ń sọ ohùn rẹ̀ di nọ́ńbà, ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kì í gba nọ́ńbà wọ̀nyí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí mai ruwa tó ń ti ọmọlanke kiri Lugbe ṣe ń fi kẹ́ẹ̀gì kó omi ló ṣe ń kó wọn. Iye tí kẹ́ẹ̀gì kan gbà ni à ń pè ní buffer. Bí kẹ́ẹ̀gì bá tóbi, ara á tu ẹni tó ń rù ú, ṣùgbọ́n ìwọ tó ń retí omi á pẹ́ kó o tó rí i. Buffer tó gba nọ́ńbà 128 jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 2.7 (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), 256 jẹ́ 5.3, 1,024, tí ọ̀pọ̀ ń lò ní sítúdíò, lé ní 21. Ẹ rántí pé ìró á gba inú buffer wọlé, á sì tún gba inú òmíràn jáde. Nítorí náà, ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ lé e fún sáúǹdì káàdì fúnra rẹ̀.

Nínú afẹ́fẹ́, mítà kan péré ni ìró ń rìn láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 3. Ẹni tó jókòó ní mítà 6 sí sípíkà ti ń gbọ́ orin pẹ̀lú ìdádúró bíi 17, kò sì sí ẹni tó bínú. Èrò ìwòran kọ́ ló máa mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù fi mílísẹ́kọ́ńdì 8 pẹ́. Olórin ni. Ohùn tirẹ̀ ń gba inú egungun orí dé etí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ti inú kọ̀ǹpútà wá ń tẹ̀ lé e. Bí méjèèjì bá pàdé nínú etí, apá kan á pa apá kejì, ohùn á wá dà bíi ti ẹni tó ń kọrin nínú páìpù. Ti onílù tún yàtọ̀. Bó bá ti ń kọjá mílísẹ́kọ́ńdì 10, ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń wúwo, ẹ̀yin á sì rò pé kò mọ ìlù lù ni. Mi ò fara mọ́ kí ohun tí olórin ń gbọ́ gba inú sọ́fítíwià kọjá rárá. Ọ̀pọ̀ sáúǹdì káàdì ní míksà kékeré nínú, tí kò dúró de kọ̀ǹpútà. Ti ilé iṣẹ́ RME ni wọ́n ń pè ní TotalMix. Ẹ fi ìyẹn ṣe monitor, ìyẹn ohun tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀.

Plugin, àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí à ń fi kún sọ́fítíwià láti tún ìró ṣe, wá ńkọ́? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìró tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lórí èyí tó wà lọ́wọ́: EQ (tó ń dín tàbí fi kún báàsì àti ohùn tín-ín-rín) irú linear-phase, limiter (tí kì í jẹ́ kí ìró ga jù) tó ní look-ahead, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń yọ ariwo. Èyí tó bá ní láti kọ́kọ́ rí nọ́ńbà 2,048 nínú wọn ti fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 43 kún un. Sọ́fítíwià sítúdíò á sì dá àwọn tráàkì yòókù dúró dè é kí gbogbo wọn lè bára mu. Ẹ gbé ẹyọ kan sórí ohùn elégbè kan ṣoṣo, gbogbo bándì á pẹ́ lọ́wọ́ yín. EQ lásán àti compressor lásán, tó ń mú kí ìró tó ga àti èyí tó rọlẹ̀ sún mọ́ra, ti tó. Ní ti reverb, ìyẹn ìró tó ń ta padà bíi gbohùngbohùn, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tí à ń lò l'Abuja, táìlì ló wà nílẹ̀, gíláàsì ló wà lára ògiri. Wọ́n ti fún yín ní reverb lọ́fẹ̀ẹ́.

Gate, èyí tó ń pa ìró tó bá ti rọlẹ̀ jù, gan-an ni mo bá níjà. Lórí kick, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, kò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí gángan. Àyàn á lu ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kíkankíkan, á fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ parí rẹ̀. Gate kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó bá ti rọlẹ̀, ariwo ni lójú tirẹ̀, á gé e. Oríkì tí wọ́n fi ń ki ọlọ́jọ́ ìbí á wá di àbọ̀ ọ̀rọ̀, owó tó yẹ kó bọ́ síwájú orí onílù kò ní bọ́.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀gá, CPU mi ò ju 40% lọ, kí ló dé tó ń ta pọ́ọ̀pọ́ọ̀?" Àròpín ni nọ́ńbà yẹn. Buffer 64 fún kọ̀ǹpútà ní mílísẹ́kọ́ńdì 1.3 péré láti parí iṣẹ́. Bí dráífà Wi-Fi (sọ́fítíwià tó ń darí Wi-Fi) bá dí i lọ́wọ́ fún mílísẹ́kọ́ńdì 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìró á já. Ẹ fi LatencyMon wá dráífà tó ń dààmú yín lórí Windows, ẹ lo ASIO, irú dráífà tó ń jẹ́ kí ìró tètè wọlé, kó sì tètè jáde, ẹ pa Wi-Fi àti update. Ẹ pa ìró Windows náà, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ "dín!" nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà. Bí ẹ bá fẹ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì darí fader, ohun tí à ń fi gbé ìró sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ router, kí tábúlẹ́ẹ̀tì máa bá router sọ̀rọ̀. Ẹ sì má gbé láptọ́ọ̀pù lé aṣọ tábìlì tó nípọn nínú ooru March àti April. Bó bá ti gbóná jù, á dín eré ara rẹ̀ kù.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbà á sílẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ. Sáúǹdì káàdì tó ń lo iná ògiri kò ní bátìrì. Ẹ wá UPS fún un, nítorí àkókò tí wọ́n fi ń yí sí jẹnẹrétọ̀ ti tó láti pa á. Mo máa ń gbé máìkì alága tàbí ti pásítọ̀ gba inú míksà kékeré kan lọ tààrà sí sípíkà. Bí láptọ́ọ̀pù bá kú, ẹnì kan ṣì lè bá èrò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ní míksà X32 tẹ́lẹ̀, tó ń gbé 32 tráàkì gba USB lọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ló ń wá kiri? Kó jẹ́ kí míksà gbé eré, kí láptọ́ọ̀pù máa gba ohùn sílẹ̀.

Àbúrò kan béèrè bí àyè ìgbohùnsílẹ̀ yẹn ṣe máa tó. Tráàkì 16, ní 24-bit àti 48,000, ń jẹ nǹkan bíi 8.3 gígábáìtì ní wákàtí kan. Àríyá wákàtí márùn-ún á sún mọ́ 42. SSD ni kẹ́ ẹ lò. Èrè rẹ̀ pọ̀: bí ẹ bá tún fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn kan náà, ẹ ṣí tráàkì ti ọjọ́sí, ẹ jẹ́ kó gba inú fader kan náà jáde sí sípíkà, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe nígbà tí bándì fúnra wọn ṣì há sínú gosiló Nyanya.