Ẹnu Ọ̀nà Méjì ní Philadelphia: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ààrẹ Àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1797 ni, ní Philadelphia. Wọ́n ti búra fún John Adams tán gẹ́gẹ́ bí ààrẹ kejì, àwọn èèyàn sì fẹ́ jáde nínú gbọ̀ngàn. George Washington wà níbẹ̀, ẹni ọdún 65, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ti ṣe ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ. Thomas Jefferson, igbákejì ààrẹ tuntun, ẹni ọdún 53, fà sẹ́yìn kí àgbà lè kọ́kọ́ kọjá. Washington kọ̀. Ó ní kí Jefferson bọ́ síwájú, nítorí Jefferson ló wà nípò báyìí. Jefferson jáde, Washington tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé tí ọmọdé kì í ti í ṣíwájú àgbà wọlé, ẹ ó mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Ohun tí mo máa ń sọ nìyí, mo sì tún wá sọ ọ́ lónìí: nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ààrẹ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ṣe, kò sí èyí tó tó pé wọ́n jọ̀wọ́ àga. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò gbà. Gbèsè ni wọ́n ń tọ́ka sí. Wọ́n ní gbèsè ogun tó wà lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó mílíọ̀nù 54 dọ́là, ti àwọn ìpínlẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 25. Pé Alexander Hamilton tó ń bójú tó àpò ìjọba kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì dá báńkì sílẹ̀ ní 1791. Wọ́n ní nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania fárígá lórí owó orí ọtí wísíkì ní 1794, Washington kó ọmọ ogun tó súnmọ́ 13,000 jọ, ọ̀tẹ̀ sì tú ká. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba Faransé náà ń gba owó orí, ọba Gẹ̀ẹ́sì náà ń kó ogun ti àwọn ọlọ̀tẹ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni kí olórí dìde lórí àga láàyè, láìsí ẹni tó tì í. Ní Ọ̀yọ́ ayé ìgbà náà, Aláàfin á wàjà ni, tàbí kí Ọ̀yọ́ Mèsì gbé igbá òfo síwájú rẹ̀.

Kò sì sí òfin tó de Washington. Òfin pé ààrẹ kò gbọ́dọ̀ ju sáà méjì lọ, 1951 ló tó wọnú ìwé òfin wọn. Ó ti ṣe irú rẹ̀ rí ní oṣù Kejìlá 1783: ogun parí, àwọn ọmọ ogun ń bínú nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n, wọ́n sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Annapolis ló lọ, ó dá ìwé àṣẹ ọ̀gágun padà fún àwọn aṣòfin, ó gùn ẹṣin lọ sílé.

Ti Adams tilẹ̀ le ju ìyẹn lọ lójú tèmi. Washington fẹ́ máa lọ ni. Adams ò fẹ́ lọ, ìbò ló lé e. Òun ló fọwọ́ sí òfin 1798 tí wọ́n fi ń ju àwọn oníwèé ìròyìn sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n bú ìjọba, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún un. Nígbà tí ìbò 1800 dé, Jefferson àti Aaron Burr, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, jọ ní ìbò 73 lọ́wọ́ àwọn aṣojú tó ń yan ààrẹ, Adams ní 65. Ọjọ́ méje gbáko ni ilé aṣòfin fi dìbò, ìgbà 36, kí wọ́n tó mú Jefferson. Ní Pennsylvania àti Virginia, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ ogun ìpínlẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga nígbà gbogbo wàhálà yìí ni Adams, kò sì gbé ìka láti di àga mú. Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1801, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí èrò ń wọ̀, ó kúrò nílùú. Àwọn kan ń bú u pé kò dúró kí ẹni tó gba ipò rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Ó lọ!

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bọ́ sórí ilẹ̀ Louisiana, nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní Washington mọ bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ nǹkan. Ṣé ó jọ̀wọ́ Ona Judge?”

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Mo mọ ìtàn Ona, ẹrúbìnrin ilé Washington; mi ò kọ ọ́ sínú ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì yẹ kí n fi í sílẹ̀.

Òfin Pennsylvania ti 1780 sọ pé ẹrú àlejò tó bá gbé níbẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lè béèrè òmìnira. Nítorí náà, kí oṣù mẹ́fà tó pé, Washington á ní kí wọ́n mú àwọn ẹrú ilé rẹ̀ kọjá ààlà, kí wọ́n sì mú wọn padà. Òun náà ló fọwọ́ sí òfin 1793 tó fún olówó ẹrú láṣẹ láti lépa ẹni tó bá sá. Ona Judge ló ń tọ́jú aṣọ àti irun Martha, ìyàwó ààrẹ. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ Martha lọ́rẹ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1796, bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Portsmouth ní New Hampshire.

Àwọn tó ń gbèjà Washington á ní ẹrú ogún ìdílé Custis, ìdílé ọkọ àkọ́kọ́ Martha, ni, kì í ṣe tirẹ̀ láti dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ta ló ń lépa rẹ̀? Washington ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó ibodè ní Portsmouth bá òun mú un. Obìnrin náà ránṣẹ́ pé òun á padà bí wọ́n bá ṣèlérí òmìnira fún òun lẹ́yìn ikú wọn. Washington kọ̀. Ní 1799 wọ́n tún rán ìbátan Martha kan, wọ́n ta Ona lólobó, ó sá kúrò. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Washington kú, ìwé ìhágún rẹ̀ sì dá ẹrú 123 tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an sílẹ̀. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè di nǹkan mú mọ́ ló tú u.

Láti ibẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ yí padà. Louisiana tí Jefferson rà ní 1803 ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, àwọn ẹrú ilẹ̀ tó di Haiti ló jẹ́ kí Napoleon, olórí Faransé, tà á; àwọn àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n pa ọmọ ogun rẹ̀ run. Àwọn Nàgó, àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá, wà lára wọn; títí dòní Ogou ni wọ́n ń pe Ògún níbẹ̀. Jefferson gba ilẹ̀ náà, ó sì fọwọ́ sí òfin 1806 tó dá òwò dúró pẹ̀lú Haiti. Amẹ́ríkà ò ka Haiti sí orílẹ̀-èdè títí di 1862. Àkókò ti lọ, mi ò lè dúró lórí Madison, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé ààrẹ mọ́ lọ́wọ́ ní 1814, tàbí Monroe àti ìjà 1820 lórí bóyá kí ẹrú wà ní Missouri. Jefferson, Madison àti Monroe, sáà méjì méjì ni wọ́n lò, wọ́n sì lọ sílé ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé tí wọ́n lọ, ẹrú ló ń dáko ibẹ̀. Nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, Adams nìkan ni kò ní ẹrú rí.

Ilé tí Ona Judge gbà jáde àti gbọ̀ngàn tí Washington ti ní kí Jefferson ṣíwájú, òpópó kan ló wà láàárín wọn. Kò pé oṣù mẹ́wàá láàárín ọjọ́ méjèèjì. Mo ní kí ọmọbìnrin náà dìde kí gbogbo wa lè rí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ona Judge kú ní New Hampshire ní 1848. Lójú òfin, ẹrú tó sá ṣì ni.