Ta Ló Ni Oscar Orin? Olórin Kọ́ o!

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ẹ̀yin Ìgbómìnà lápapọ̀, mo kí yín o.

Ìbéèrè kan lẹ ń bi mí ṣáá: ṣé lóòótọ́ ni Tems, olórin ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó díje fún Oscar orin, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún orin inú fíìmù ní Amẹ́ríkà? Lóòótọ́ ni. Ọdún 2023 ni. "Lift Me Up" lorúkọ orin náà, inú fíìmù Black Panther: Wakanda Forever ló wà. Ẹ wá tan orin náà wò. Ohùn ta lẹ gbọ́? Rihanna! Lẹ bá ní, "Tems dà?"

Ibí yìí gan-an ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà, torí náà mi ò ní sáré kọjá ẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ yìí kì í ṣe ti olórin. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: KÌ Í ṢE TI OLÓRIN! Ti ẹni tó ronú orin ni, ẹni tó to ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti ẹni tó gbé ohùn ẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn ẹni tó ronú bí orin náà á ṣe máa lọ sókè sódò. Èèyàn 4 ni wọ́n pe orúkọ wọn lórí "Lift Me Up": Tems, Rihanna, Ryan Coogler tó darí fíìmù náà, àti Ludwig Göransson tó ṣe orin inú fíìmù náà. Tems àti Coogler ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Rihanna pàápàá, torí pé ó bá wọn gbé ohùn orin náà kalẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Ká ní ó kàn wá fẹnu kọ ọ́ lásán ni, bó ti wù kó dùn tó, wọn ò ní dárúkọ ẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń ṣe wá ní Ìlọrin. Dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ wa, ló bà wá jẹ́! Ẹ ronú olóògbé Odòlayé Àrẹ̀mú: òun ló ń ronú ẹ̀, òun náà ló ń sọ ọ́ jáde, lójú agbo níbẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń ya lẹ́nu ẹ̀ bí omi. Ta ló máa wá bi í pé, "Bàbá, ta ló bá yín to ọ̀rọ̀ yìí?" Ẹni tó bá gbójú gbóyà bẹ́ẹ̀, bàbá á fi í kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà ni! Báyìí lojú wa ṣe ti mọ́ ọn pé olórin ló lorin.

Àwọn ará ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní Oscar ò rí i bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ìyàwó wọ aṣọ òkè, ó jókòó, gbogbo ayé ń yà á ní fọ́tò. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fún aṣọ tó dára jù lẹ́bùn. Ta ló máa jáde? Ahunṣọ tó wà nídìí òfì nínú agboolé lọ́hùn-ún ni, kì í ṣe ìyàwó. Kí ìyàwó máa bínú lọ.

Ó dáa, ṣé ẹ rántí Titanic? Ta ni kò mọ orin ìparí yẹn! Celine Dion ló kọ ọ́, ó kọ ọ́ títí gbogbo wa fi sunkún. Àwọn méjì tó gba Oscar ẹ̀ lọ́dún 1998 ni James Horner tó gbé ohùn kalẹ̀ àti Will Jennings tó to ọ̀rọ̀. Celine kò gba nǹkan kan níbẹ̀. ÒDO!

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2005. Jorge Drexler, ọmọ Uruguay, ló ni orin tó wà nínú fíìmù The Motorcycle Diaries, èdè Spanish ni. Àwọn tó ṣètò ayẹyẹ náà ò gbà kó kọ orin ara ẹ̀ lórí ìtàgé. Òṣèré Antonio Banderas ni wọ́n gbé e fún, Santana ń ta gìtá sí i. Ni wọ́n bá ṣí ìwé, ni wọ́n bá pe Drexler pé òun ló gbà á. Ó gòkè lọ, kò sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kankan, ó kàn gbé orin ẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu, ó ní ó dàbọ̀. Ha! Mo lè wo ibẹ̀ yẹn látàárọ̀ dalẹ́.

Ó yá, òfin kejì, kíá. Orin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún fíìmù yẹn. Wọn kì í hú ti inú àpótí wọ̀! Tems tún "No Woman, No Cry" kọ nínú ìpolówó Wakanda Forever, ó sì dùn, àmọ́ orin Bob Marley láti ọdún 1974 ni, kò lè wọlé láé. Jerome Kern, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó máa ń gbé ohùn orin kalẹ̀, ló dá òfin yìí sílẹ̀ lọ́nà kan. "The Last Time I Saw Paris" tó gbé ohùn ẹ̀ kalẹ̀ gba Oscar fún fíìmù ọdún 1941, bẹ́ẹ̀ orin náà ti wà nígboro kí wọ́n tó kó o sínú Lady Be Good. Kern fúnra ẹ̀, tó gbà á, ló ní kò tọ́. Wọ́n sì yí òfin padà.

Ẹ tún wo ibi tí orin wà. Yálà ó dún nínú fíìmù gan-an, tí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀ ketekete, tàbí kó jẹ́ orin ÀKỌ́KỌ́ tó dún nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níparí fíìmù. Ìkejì kọ́, ìkẹta kọ́. Ti ìbò ò le: àwọn olórin inú ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar yọ 15, wọ́n tún ṣẹ́ ẹ kù sí 5, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wá dìbò.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kò di dandan kó jẹ́ èèbó?" Rárá o! "Naatu Naatu" tó gbà á mọ́ Tems àti Rihanna lọ́wọ́ lọ́dún 2023, èdè Telugu ni, láti Íńdíà. Keeravani àti Chandrabose ló gbà á. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó kọ ọ́ lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ òfo ni wọ́n fi lọ. Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù ní Kwara: RRR, fíìmù tí orin yẹn wà nínú ẹ̀, kọ́ ni Íńdíà yàn láti ṣojú orílẹ̀-èdè wọn fún Oscar ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Fíìmù mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀nà ti orin yàtọ̀. Kí fíìmù ṣe ọjọ́ 7 tẹ̀léra ní sinimá nínú ọ̀kan lára ìlú ńlá 6 tí wọ́n yàn ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì kọ orúkọ orin náà ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ronú ẹ̀.

Torí náà, onídàdàkúàdà tẹ́ ẹ bá pè wá síbi tẹ́ ẹ ti ń ya fíìmù, tó fi ẹnu ara ẹ̀ to orin fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ẹ̀ sójú fíìmù. "Orin láti ọwọ́ ẹgbẹ́ wa" kọ́ o. Orúkọ ẹ̀ gangan!

Ìbéèrè yín dà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tún bi mí nípa Celine Dion o.