Wíwo ẹyẹ lójú ọ̀nà oko Rẹ́mọ nígbà àkọ́rọ̀ òjò

Ẹ káàárọ̀ o. Oṣù kẹrin nìyí, àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, ọ̀nà oko obì lẹ́yìn Ṣágámù ti tutù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń wá aya, wọ́n ń kọ́lé, ẹnu wọn kò sì ṣeé dí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn á ti mú, wọ́n á ti wọ ibòji lọ. Kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá kọjú sí i, gbogbo ẹyẹ ló máa dúdú bí èédú lójú rẹ̀.

Bainọ́kúlà, awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ti tó. 8 ni ìlọ́po tó fi ń mú ẹyẹ sún mọ́ni, 42 ni fífẹ̀ awò iwájú ní mìlímítà. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi 12 tàn yín: bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Kí ẹ tó gbéra, ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ yí àgbá àárín títí ojú òsì á fi ríran kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú òsì, kí ẹ yí òrùka tó wà lára awò ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí, tí wọ́n á wá ní awò náà kò dáa. Bí ẹ bá sì ti rí ẹyẹ, ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀; awò ni kí ẹ gbé wá bá ojú.

Ìdí ọ̀pẹ ẹ̀ga ni kí ẹ pẹ́ sí jù. Ẹ dúró ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí i, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Akọ ni orí rẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Òun ló ń fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi ń hunlé. (Ẹni tó ni ọ̀pẹ kì í bá a rẹ́rìn-ín.) Tó bá hun ún tán, á so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn apá: abo ló ń pè wá wò. Ẹ wo àwọ̀ ilé náà. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ ni abo ń fẹ́. Èyí tó bá ti gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ á tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí náà, kì í ṣe ìjì ló já gbogbo ilé tí ẹ bá rí nílẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ dù-dù-dù tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi tó ń dà lẹ́nu kèrègbè, ẹlúlùú nìyẹn, òun tí àwọn àgbà ní ó ń pe òjò. Ẹ má wọ igbó tọ̀ ọ́, ejò lẹ máa rí. Ẹ dúró kí òjò dá. Á gun orí igbó jáde, á na apá rẹ̀ tó pọ́n bí amọ̀ sá sóòrùn.

Ẹ wo wáyà iná náà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tí ìrù rẹ̀ gùn tó sì là sí méjì, àlejò ni. Ó bá wa lo ọ̀gbẹlẹ̀; òtútù ti ń kúrò ní Yúróòpù, ibẹ̀ ló ń padà lọ kọ́lé sí. Èyí tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, onílé ni.

Kí ẹ tó ṣí ìwé ẹyẹ, ẹ kọ déètì, aago, ibi tí ẹ wà, bó ṣe tóbi sí ẹyẹlé, ẹnu rẹ̀ àti ìrù rẹ̀. Àwọ̀ ni kó gbẹ̀yìn, torí oòrùn àárọ̀ a máa parọ́ àwọ̀. Bí òjò bá sì ta sára awò, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ iyanrìn kúrò, kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Etí bùbá kọ́ o, iyanrìn tó wà lára rẹ̀ ló ń ha awò.