Racconigi: Ààfin Tí Wọ́n Bí Ọba Ìkẹyìn Ítálì Sí

Ẹ wo orí òrùlé yẹn dáadáa. Ẹyẹ ńlá funfun, etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa fòò. Àkọ̀ ni, irú èyí tí Bíbélì dárúkọ. Orí ààfin ọba ló kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó lé e.

Racconigi la wà yìí, ìlú kékeré kan ní agbègbè Piemonte ní Ítálì, nǹkan bíi 40 kìlómítà sí Turin. Odi ogun nilé yìí tẹ́lẹ̀. Ìdílé ọba Savoy ló sọ ọ́ di ilé fàájì. Púpọ̀ nínú ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, iṣẹ́ Pelagio Palagi ni, oníṣẹ́ ọnà tí Ọba Carlo Alberto, tó gorí ìtẹ́ ní 1831, gbé iṣẹ́ fún.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti oṣù Kẹwàá 1909. Tsar Nicholas II, ọba Rọ́ṣíà, wá kí Vittorio Emanuele III, ọba Ítálì, níbí. Ilẹ̀ Austria lọ̀nà tó yá, ṣùgbọ́n Tsar kọ̀ jálẹ̀. Inú ń bí i pé Austria gba Bosnia ní 1908, ló bá ní kí ọkọ̀ ojú irin òun yí gba Jámánì àti Faransé, bí ẹni tí kò fẹ́ kọjá níwájú ilé ọ̀tá. Àdéhùn bòókẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe: Ítálì ò ní dí Rọ́ṣíà lọ́wọ́ lójú ọ̀nà omi Istanbul, Rọ́ṣíà náà ò ní sọ̀rọ̀ tí Ítálì bá kọjú sí Libya. Ọdún 1911 ni Ítálì gbógun ti Libya lóòótọ́. Ẹ ò rí i, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n jókòó pín ní pálọ̀ yìí!

Inú ilé yìí náà ni wọ́n bí Umberto II sí, 15 oṣù Kẹsàn-án 1904. Ó jọba ní oṣù Karùn-ún 1946. Kí oṣù Kẹfà tó tán, aráàlú ti dìbò lé ọba lọ. Mafalda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ṣègbéyàwó níbí ní 1925. Àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ní Buchenwald ló kú sí ní 1944.

Ní 1980, ìjọba ra ààfin náà. Ní 1985, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ nítòsí láti mú àkọ̀ padà wá sí agbègbè náà. Àkọ̀ kì í kọrin o, ẹnu ló ń gbá pọ̀. Ẹ gbọ́ ọ: kà-kà-kà-kà.