Ìṣúná, Ahun àti Èsúsú: Ọ̀rọ̀ Kan Tí A Jọ Tú Wò ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa ọjà tì wá jókòó pẹ̀lú wa, mo kí yín. Bí a bá gbọ́ ìṣúná lórí rédíò lónìí, ti ìjọba ni, èyí tí gómìnà ń gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin lọ́dọọdún, bí owó inú rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ìyá wa, ẹni tí ó ń ṣún owó ná ni ẹni tí ó ń fi ìwọ̀n ná an, kí ó lè tó o dé ibi tí ó ń lọ.

Ibi tí owó ń lọ yẹn ni àwọn tí ń pe Ìjẹ̀bú ní ahun kì í wò. Kí ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892 tó ṣí ọ̀nà wa sílẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwa ni a wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè, òwò ni a sì ń ṣe. Òwò ń fẹ́ owó, kò sì sí báǹkì. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá èsúsú ẹgbàá kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó kàn yóò kó odidi ọ̀kẹ́ kan láìsan èlé. Ẹ ro ti ẹni tí yóò kó gbẹ̀yìn: ìgbà mẹ́sàn-án ni yóò gbé owó rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó tó kàn án. Ahun kò lè ṣe èyí, nítorí inú ilẹ̀ ni ahun ń ri owó tirẹ̀ mọ́. Àṣà yìí lágbára débi pé ó bá àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú sọdá òkun, wọ́n sì ń pè é ní susu ní Trinidad títí di òní.

N kò ní fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ pamọ́. Owó tí ẹnì kan ṣún jọ a máa di ìdè fún ẹlòmíràn. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà; iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe nígbà náà dúró fún èlé nìkan, kò sì dín ojú owó kù rárá. Orúkọ sọgúndógójì, ẹni tí ń sọ ogún di ogójì, kò tíì kúrò lẹ́nu wa.

Lónìí, ohun mìíràn ni wọ́n ń pè ní ìṣúná fún aláìní. Gàrí Ìjẹ̀bú tí a ń rẹ fi pa ìpápánu ti di oúnjẹ alẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn kan sì ń yin irú ilé bẹ́ẹ̀ pé wọ́n mọ owó ṣún ná. N kò gbà. Ìyá tí ó ń dín gàrí àwọn ọmọ rẹ̀ kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì rí náírà kan yà sọ́tọ̀ fún alájọ, kò ṣún ohunkóhun; kò sí ibi tí owó rẹ̀ ń lọ ju ọ̀fun lọ.

Mo rí àwọn alájọ láàárín yín, àwọn tí ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́jà Òkè-Àjẹ, tí wọ́n sì ń mú owó ọjọ́ kan péré lóṣù fún iṣẹ́ wọn. Kí a tó bọ́ sí ìbéèrè, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún wa iye káàdì àjọ tí ó ti dáwọ́ dúró lọ́dún yìí.