Kí Ẹbí Tó Dá Ọjọ́ Ìnáwó, Ẹ Wo Kàlẹ́ńdà Ilé-Ìwé Ọmọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá bá yín sọ ni ti mímú ọmọ kúrò nílé-ìwé láàárín sáà ẹ̀kọ́ nítorí ìrìn-àjò sílé ní Nàìjíríà. Íńgíláǹdì ni púpọ̀ nínú wa ń gbé, nítorí náà òfin ibẹ̀ ni n óò tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ń dùn yín jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn owó ìtanràn.

Láti ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2024, iye kan náà ni gbogbo kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń bu. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ nílé-ìwé, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí ọmọ bá pa ìpè mẹ́wàá jẹ láìgba àyè láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún péré, ọ̀rọ̀ ìtanràn ti délẹ̀ nìyẹn. £160 ni, bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di £80. Ṣùgbọ́n wọn kì í bu ú fún ìdílé lápapọ̀ o. Òbí kọ̀ọ̀kan ni, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan, ìyá kan, ọmọ mẹ́ta: ìwé mẹ́fà. Bí ẹ bá tètè san án, £480. Bí ẹ bá fi falẹ̀, £960. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lórí ọmọ kan náà kí ọdún mẹ́ta tó pé, kò sí ẹ̀dínwó mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ní ìwé ìtanràn nínú rárá. Ilé-ẹjọ́ ló sábà máa ń kàn, níbi tí wọ́n ti lè bu tó £2,500 lé òbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò lọ́kàn: tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá sí Èkó wọ́n ju ìtanràn lọ. Bí ilé-ìwé bá ti ń múra àtipa fún Kérésìmesì ni owó ọkọ̀ òfuurufú ń gun òkè, ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìṣirò yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni ọ̀sẹ̀ tí ọmọ pàdánù, nítorí kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Ọmọ Yíà 1, ìyẹn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, tó wà ní Abẹ́òkúta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ìró lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, kó tó padà dé, olùkọ́ ti kọjá ibẹ̀. Á wá máa wo ẹnu ọmọ tó jókòó tì í kó tó dáhùn.

Àwọn mìíràn ní àwọn á kúkú sọ pé ara ọmọ ò yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú rẹ́jísítà, lẹ́tà I ni wọ́n ń kọ fún àìsàn, G fún ìrìn-àjò ìsinmi tí ilé-ìwé kò fọwọ́ sí. Ẹ̀yin ní kí wọ́n kọ I. Ọmọ padà dé pẹ̀lú irun dídì tuntun, ó ń ròyìn ewúrẹ́ màmá àgbà fún gbogbo kíláàsì. Owó ibẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Ọmọ tí a ń nà ní pàṣán ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ pé kó má purọ́, òun náà la wá kọ́ ní irọ́ tí yóò pa fún tíṣà rẹ̀.

Ẹ má sì ronú àtibá kánsù ṣẹjọ́. Jon Platt, bàbá kan ní Isle of Wight, mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí Florida ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ọjọ́ ilé-ìwé méje ni, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti kọ̀ ọ́. Wọ́n bu £120 fún un, kò san án. Ó jàre ní kóòtù májísíréètì, ó tún jàre ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní 2016, nítorí ọmọ náà lọ sílé-ìwé ju ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yí i padà. Lady Hale, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ibẹ̀, ló ka ìdájọ́ náà: kí ọmọ máa lọ sílé-ìwé déédéé, lójú òfin, ni kó máa lọ bí ìlànà ilé-ìwé náà ṣe wí. Láti ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n ń bi òbí ni bóyá ó gba àyè kó tó lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé lè fúnni fún ìsinmi láyé ọjọ́un náà ti kúrò nínú ìlànà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ohun tó bá ṣàrà ọ̀tọ̀ nìkan ni wọ́n lè tìtorí rẹ̀ fúnni láyè báyìí.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé wa lọ sílé ní àárín sáà, àwa fúnra wa la ń dá ọjọ́ rẹ̀: ìgbéyàwó, oyè jíjẹ, ilé ṣíṣí. Kódà òkú àgbà tó wà ní mọ́ṣúárì, ẹbí ló ń jókòó dá ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín. Wọ́n á wo àyè àlùfáà, wọ́n á wo àyè olórin, wọ́n á wo ìgbà tí aṣọ ẹbí máa jáde lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi owó ránṣẹ́, wà lórí WhatsApp, ó ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́, a dúpẹ́." Kò sẹ́ni tó bi í nígbà tí ilé-ìwé àwọn ọmọ ń pa, òun náà kò sọ. Bí wọ́n bá ti pín káàdì tán ló tó ń sáré.

Ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ tó dúró. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹ bá wa fi sí ibẹ̀ kí àwọn ọmọ-ọmọ bàbá lè wà nídìí sàréè." Èwo ni àgbà ẹbí tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa kọ̀? Ó wù wọ́n kí ọmọ-ọmọ pọ̀ lẹ́yìn òkú. Àìsùn lọ́jọ́bọ̀, ìsìnkú lọ́jọ́ Ẹtì, ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú: ọ̀sẹ̀ kan gbà á. Àwọn ilé-ìwé kan tún máa ń fi ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsinmi náà dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, tí ọmọ kì í wá. Ẹ wò ó bóyá tiyín wà nínú wọn.

Ti Mùsùlùmí yàtọ̀, a kì í fi òkú pamọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n fídáù ọjọ́ kẹjọ tàbí ti ogójì ọjọ́, ẹbí lè sún un.

Ọdún ìbílẹ̀ ńkọ́? Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ, ilé-ìwé ti pa. Ojúde Ọba ló ṣòro, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde, òṣùpá ló sì ń gbé e kiri. Ní 2024, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà, ló bọ́ sí. Àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ilé-ìwé máa ń fọwọ́ sí ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀, wọn kì í ka Ojúde Ọba mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì kéré, ẹ gbọ́ tiyín. Sáà tó tẹ̀lé ìgbà tí ọmọ pé ọdún márùn-ún ni òfin ìtanràn tó mú òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Rìsẹ́ṣọ̀n, ìyẹn kíláàsì tó ṣáájú Yíà 1, ẹ lè gbé e lọ sílé kí ìyá àgbà máa fi Yorùbá bá a jà, kánsù kò ní kọ̀wé sí yín. Bí mo bá ní àṣẹ, gbogbo ọmọ wa ni ì bá lọ ní ọjọ́ orí yẹn.

Bí ọ̀ràn bá kọjá agbára yín, tó jẹ́ pé àárín sáà ni dandan, ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kó kọ ọ́. Ẹ kọ ẹni tó kú àti ohun tó jẹ́ sí ọmọ, ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa dé, ìdí tí ọjọ́ náà kò fi ṣeé yí. Ẹ fi káàdì ìsìnkú mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ló ń pinnu iye ọjọ́. Bí ẹ bá béèrè mẹ́wàá tó fún yín ní mẹ́ta, mẹ́ta náà ni. Ẹ gba èsì rẹ̀ ní kíkọ. Bí ọmọ kò bá padà lọ́jọ́ tí ẹ dá, tó wá pẹ́, tí wọ́n wá a tì, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè fún un lákọ̀tun.

Ìyá kan béèrè nípa àwọn tó wà ní Wales àti Scotland. Ní Wales, ọ̀gá ilé-ìwé ṣì lè fọwọ́ sí tó ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dún, bó bá tọ́ lójú rẹ̀. Ní Scotland, kò sí ìwé ìtanràn irú èyí, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kò wá láìgba àyè.